Ẹsẹ̀ Òsì Nevardo Tibaduiza

Tucson, Arizona
17 Oṣù Kẹta, 1974

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo kí Màmá, mo kí màlúù méjèèjì. Kí ẹ tó kà síwájú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Bí Màmá bá ń bó pọ̀tétò lọ́wọ́, kí wọ́n gbé ọ̀bẹ kalẹ̀. Bí àlejò bá wà nílé, ẹ ní kó máa lọ. Ìròyìn tó wúwo ni mo gbé wá, n kò sì mọ ọ̀nà tí mo lè gbà sọ ọ́ tí kò fi ní dùn yín.

Lánàá, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀, obìnrin ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta kan já mi sílẹ̀ lórí òkè.

Mo ti sọ ọ́. Orúkọ rẹ̀ ni Harriet Lindqvist. Ọgbọ̀n ọdún ló fi tọ́jú ìwé ní ilé ìkàwé ìlú kó tó fẹ̀yìn tì. Ó máa ń fi okùn so gíláàsì ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn bí ẹni tó so ewúrẹ́. Ó gun kẹ̀kẹ́ kọjá lára mi, ó ní, "Káàárọ̀ o, Nevardo. Ṣé kò sí nǹkan?" Mímí ni mo ń mí, n kò lè dá a lóhùn.

Àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ Kẹ̀kẹ́ Àárọ̀ Sátidé yòókù, àwa méjìlélógún ni, dúró dè mí lókè. Òfin ẹgbẹ́ ni pé a kì í fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ sọ́nà. Dwight Ketchum, ọ̀gá mi ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, gbé omi fún mi, ó ní, "Ṣé ìwọ kọ́ lo sọ fún wa pé orí òkè ni wọ́n ń bí gbogbo yín sí ní Boyacá?" Mo ní orí òkè ni wọ́n bí mi sí lóòótọ́, àmọ́ n kò fi ẹsẹ̀ ara mi gun ún lọ́jọ́ náà.

Ẹsẹ̀ òsì ló ń dùn mí, Bàbá. Ẹ̀yìn ojúgun wú díẹ̀, ó sì gbóná. Yóò lọ. Ẹ má sọ ti ẹsẹ̀ fún Màmá. Ti Harriet ni kí ẹ sọ fún wọn.

Ọmọ yín tí ojú ń tì,
Nevardo


Guachavita, Boyacá
2 Oṣù Kẹrin, 1974

Nevardo,

Ìwé rẹ dé. A dúpẹ́ pé o wà láàyè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́yìn ohun tí mo kà, n kò mọ ohun tí o ń fi ìwàláàyè náà ṣe.

Mo jókòó gẹ́gẹ́ bí o ṣe wí. Mo ka ìwé náà fún ìyá rẹ. Ó ní kí n bi ọ́ bóyá obìnrin náà ní ọkọ. Mo ní, "Etelvina, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni!" Ó ní ṣebí ara rẹ̀ le.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi sáré kẹ̀kẹ́. Mo sáré lórí yìnyín, mo sáré pẹ̀lú bíréèkì kan, mo ṣe ipò kọkàndínlógún nínú ìdíje ńlá lọ́dún tí ìkún omi gbé afárá lọ. Gbogbo ẹni tó já mi sílẹ̀ ló ní irùngbọ̀n.

Ní ti ẹsẹ̀ tó wú, kò sí oògùn rẹ̀ ju òkè lọ. Gùn ún. Títí ìrora náà á fi sú, tí yóò fi jáde, ni kí o máa gùn ún. Bí bàbá mi ṣe wo tèmi sàn nìyẹn. Má lọ bá dókítà kankan tí yóò ní kí o dùbúlẹ̀, ìdùbúlẹ̀ ló ń ba ẹsẹ̀ jẹ́. Ní Sátidé tó bá tẹ̀ lé ìwé yìí, bọ́ síwájú ìyá oníwèé yẹn láti ìsàlẹ̀ òkè, má sì bojú wẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà kí o kọ̀wé sí mi pé o ṣe é.

Ìyá rẹ ní kí o máa wọ aṣọ onírun àgùntàn rẹ. Mo ní aṣálẹ̀ ni ibẹ̀. Ó ní òun kò bi mí.

Bàbá rẹ,
Parmenio Tibaduiza


Tucson, Arizona
20 Oṣù Kẹrin, 1974

Ọ̀gbẹ́ni Tibaduiza,

Ẹ kú ilé, ẹ kú iṣẹ́ oko. A kò mọ ara wa rí. Èmi ni obìnrin tó já ọmọ yín sílẹ̀ lórí òkè. Ofelia Bracamonte, ọmọ ẹgbẹ́ wa tó ń ṣe búrẹ́dì, ló ń bá mi yí ọ̀rọ̀ yìí sí èdè yín. Bí àṣìṣe bá wà nínú rẹ̀, ó ní tèmi ni.

Nevardo wà láàyè. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ ka ìyẹn.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlá, ìwé yín dé ṣọ́ọ̀bù. Nevardo gun orí tábìlì, ó sì kà á fún gbogbo wa. Nígbà tó dé ibi irùngbọ̀n, Dwight rẹ́rìn-ín títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ní Sátidé, Nevardo bọ́ síwájú láti ìsàlẹ̀ òkè. Ẹ̀fúùfù ń fẹ́ kíkankíkan. Ó yẹ kí a máa gba ipò iwájú lọ́wọ́ ara wa, kò gbà fún ẹnikẹ́ni. Ó kọjá lára mi, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o, Màmá Harriet. Ṣé kò sí nǹkan?" Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́. Lẹ́yìn kọ́nà mẹ́rin, a bá a lórí ilẹ̀, ètè rẹ̀ ti dúdú.

Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan, gígun òkè ló sì já díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Wọ́n ń fún un ní oògùn tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn.

Ènìyàn méjì péré ni wọ́n ń gbà láàyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà gun kẹ̀kẹ́ rí, ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe nínú afẹ́fẹ́. Ẹni iwájú á gbà á díẹ̀, yóò yà bá ẹ̀gbẹ́, yóò bọ́ sẹ́yìn, ẹni tó tẹ̀ lé e á bọ́ síwájú. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń jókòó tì í. Wákàtí kọ̀ọ̀kan ni. Ẹni tó wà lórí àga kìíní á di ọwọ́ rẹ̀ mú, ẹni orí àga kejì á máa sinmi, àwọn yòókù wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nọ́ọ̀sì bi Dwight pé, "Ẹbí ibo gan-an lẹ jẹ́ sí i?" Dwight ní, "Ẹbí kẹ̀kẹ́, ìyá." Obìnrin náà ní kò sí irú rẹ̀ nínú fọ́ọ̀mù òun. Dwight ní kó kọ ọ́ sí i.

Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀,
Harriet Lindqvist


Guachavita
4 Oṣù Karùn-ún, 1974

Nevardo,

A kí ọ. Ìyá rẹ ń gbàdúrà láti òwúrọ̀. Èmi ń tẹ̀ lé e, àmọ́ ẹnu mi wúwo.

Ìyá oníwèé kọ̀wé sí mi. Ó ní o ti ka ìwé mi ní Ọjọ́bọ̀, kí o tó gun òkè ní Sátidé. Ó lè jẹ́ pé ó ṣi ọjọ́ gbé. Àgbàlagbà ni.

Nítorí náà ìwọ ni mo ń bi. Lọ́jọ́ tí o ṣubú, ṣé ìwé mi ti dé ọwọ́ rẹ? Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Má ṣe àwàdà.

Bàbá rẹ


Tucson
19 Oṣù Karùn-ún, 1974

Bàbá mi,

Bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ẹ ní kí n má ṣe àwàdà, mo sì ti gbọ́ràn fún odindi ìlà kan. Ìwé yín dé ní Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, nígbà tí mo ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ibí ni mo ti kà á fún wọn. Harriet ló ṣi ọjọ́ gbé. Mo gun òkè nítorí pé mo jẹ́ òmùgọ̀, ẹnikẹ́ni kò rán mi.

Ara mi ń yá díẹ̀, ó sì ń burú díẹ̀, wọ́n jọ ń lọ ni. Oògùn tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ̀jẹ̀ ya sínú ẹsẹ̀ náà. Wọ́n ti la á lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n lè fà á jáde. Nọ́ọ̀sì gbé abẹ wá láti fá irun ẹsẹ̀ náà kọ́kọ́, ó bá a pé ó ti di fífá. Ó wò mí lójú. Mo ní gbogbo ọkùnrin tó ń gun kẹ̀kẹ́ níbí ló ń fá a. Ẹ má sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni ní Guachavita.

Kíndìnrín mi náà ti ń ṣe àìgbọràn. Àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi ti dúdú, n kò sì mọ̀ wọ́n lára mọ́.

Àwọn ẹgbẹ́ kò fi mí sílẹ̀. Dwight gbé wéélì kan wá, ó so ó mọ́ irin bẹ́ẹ̀dì. Bí ìrora bá dé, ẹni tó bá wà lórí àga kìíní á yí i fún mi, yóò máa dún tíkí-tíkí-tíkí títí màá fi sùn. Ofelia máa ń yí i jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ẹni ń po ìyẹ̀fun. Dwight máa ń yí i bí ẹni tí ajá ń lé.

Ẹ kọ̀wé sí mi. Ẹ bú mi. Ó ti pẹ́ tí ẹ ti bú mi.

Nevardo


Guachavita
31 Oṣù Karùn-ún, 1974

Nevardo,

O purọ́ fún mi, o tún fi yíǹkì kọ ọ́.

Ẹni tó fi ọgbọ̀n ọdún lu òǹtẹ̀ ọjọ́ sínú ìwé kò lè ṣi Ọjọ́bọ̀ gbé fún Mọ́ńdè. Mo ti rò ó nínú oko, mo ti rò ó nílé, kò sí ibòmíràn tí ọ̀rọ̀ náà gbà. Ìwé mi dé. O kà á. O ṣe ohun tí bàbá rẹ ní kí o ṣe, ó sì gbé ọ ṣubú.

Ìyá rẹ ní n kò mọ̀. Òótọ́ ni, n kò mọ̀. Mo kọ ọ́ bí ẹni tó mọ̀.

Ọwọ́ mi yìí ti kọ̀wé tó. N kò ní fún ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn mọ́, n kò sì ní kọ̀wé sí ọ mọ́, nítorí bí mo bá mú kálàmù, n kò mọ ohun mìíràn tí yóò ti ibẹ̀ jáde. Gbọ́ ti dókítà. Gbọ́ ti ìyá oníwèé. Dárí jì mí bí o bá lè ṣe é. Bí o kò bá lè ṣe é, mo gbà.

Parmenio Tibaduiza


Tucson
10 Oṣù Kẹfà, 1974

Bàbá mi,

Ó dáa. Mo purọ́. Ìwé yín dé ní Ọjọ́bọ̀, tábìlì ni mo gùn láti kà á, ẹsẹ̀ náà ń dùn mí bí mo ṣe ń gun tábìlì. Mo mọ̀ pé kò dáa. Dwight ní, "Ọmọ yìí, lọ bá dókítà." Ofelia ní, "Lọ bá dókítà." Mo ní ẹ̀yin ni dókítà mi. Àwa méjèèjì la jọ gun òkè náà, ẹ má dá a gbé.

Ẹ gbọ́ èyí tó kù. Wọ́n fẹ́ gé ẹsẹ̀ òsì, lókè orúnkún. Bí wọn kò bá gé e, ìdíbàjẹ́ náà yóò gun òkè lọ sínú ẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá gé e, kíndìnrín mi lè má gbà á, mo lè má jí. Dókítà gbé ìwé ìyọ̀ǹda wá. Ó ní òun lè dúró títí di ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù yìí, bóyá.

N kò tíì fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin lẹ kọ́ ẹsẹ̀ yìí níṣẹ́. Ẹ gbé e lé orí pẹ́dàlì kẹ̀kẹ́ nígbà tí kò tíì kan ilẹ̀. Ẹ dì í mú ní ọ̀nà ọjà, ẹ tú u sílẹ̀ láìsọ fún mi. N kò ní jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ láìbi yín.

Ẹ ní ẹ kò ní gbà mí nímọ̀ràn mọ́. Ẹ má gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ ṣá lọ bá Abelardo ní ilé ìfìwéránṣẹ́, kó tẹ wáyà sí mi. Ọ̀rọ̀ kan péré: bẹ́ẹ̀ ni, tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun tí ẹ bá sọ ni màá ṣe. Mo mọ̀ pé ẹ kò lè dákẹ́. Ẹ kò dákẹ́ rí.

Ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ yìí kí ẹ má baà rò pé àwàdà ni gbogbo rẹ̀.

Nevardo


Tucson
24 Oṣù Kẹfà, 1974

Ọ̀gbẹ́ni Tibaduiza,

Mo tẹ wáyà sí yín ní ọjọ́ ogún, mo tún tẹ òmíràn lánàá: NEVARDO Ń RETÍ Ọ̀RỌ̀ YÍN. Kò sí èsì.

Kò tíì fọwọ́ sí i. Gbogbo wa ti bẹ̀ ẹ́. Ofelia kúnlẹ̀. Dwight bú u, ó pè é ní ìbaaka, ó sì jáde lọ sunkún ní ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Nevardo ní, "Ìwé Bàbá mi ń bọ̀. Wọ́n ń wá kálàmù ni." Láràárọ̀ ni ẹnì kan nínú wa ń lọ dúró de ilé ìfìwéránṣẹ́ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Bí ẹni náà bá dé yàrá, Nevardo kì í wo ojú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló máa ń wò.

Ibà ti mú un. Mo bẹ̀ yín. Bí ẹ bá ń bínú sí mi nítorí ohun tí mo kọ nípa Ọjọ́bọ̀, ẹ bínú sí mi lẹ́yìn tí ẹ bá ti tẹ wáyà.

Harriet Lindqvist


Tucson
6 Oṣù Keje, 1974

Ọ̀gbẹ́ni àti Ìyáàfin Tibaduiza,

Ẹ jókòó.

Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, Nevardo béèrè ìwé ìyọ̀ǹda náà, ó sì fọwọ́ sí i. Èmi ni mo wà lórí àga kìíní. Ó ní kí n sún mọ́ òun. Ó ní, "Màmá Harriet, ẹ kọ̀wé sí Bàbá mi. Ẹ ní wáyà wọn dé. Ẹ ní wọ́n ní kí n fọwọ́ sí i, mo sì gbọ́ràn."

Iṣẹ́ tó rán mi nìyẹn, mo ti jẹ́ ẹ. Wáyà kankan kò dé. Ẹ dárí jì mí, n kò mọ bí a ṣe ń kọ irọ́ sílẹ̀, kí n sì fi orúkọ mi sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Dókítà ní ká ní wọ́n gé e ṣáájú ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n ni, ó ṣeé ṣe kó yè. Ìdíbàjẹ́ náà ti wọ inú ẹ̀jẹ̀. Nevardo jí lẹ́ẹ̀kan, ó ní kí Dwight yí wéélì. Dwight yí i. Ó kú ní ọjọ́ kẹta oṣù yìí, ní aago mọ́kànlá ààbọ̀ òwúrọ̀, nígbà tí ó kan Ofelia láti jókòó. Ofelia kò gbà kí ẹnikẹ́ni gba ipò lọ́wọ́ òun títí wọ́n fi gbé Nevardo lọ.

Lónìí Sátidé, a gun òkè. A fi àyè iwájú sílẹ̀ lófìfo. Láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kò sí ẹni tó gba ẹ̀fúùfù fún wa, gbogbo wa ló ń fẹ́ lójú.

Wọ́n ń tọ́jú ara rẹ̀ pamọ́ fún wa. A kò ní sin ín, a kò sì ní gbé e lọ síbì kankan, títí a ó fi gbọ́ ohùn yín.

Harriet Lindqvist


Guachavita
12 Oṣù Keje, 1974

Nevardo, ọmọ mi,

Fọwọ́ sí i.

Òwúrọ̀ òní ni ìwé rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, òun àti ìwé ìyá oníwèé àti wáyà méjèèjì, wọ́n so gbogbo wọn pọ̀ mọ́ okùn kan. N kò dúró kà wọ́n tán. Mo ti tẹ wáyà: FỌWỌ́ SÍ I. BÀBÁ. Yóò ti dé ọ̀dọ̀ rẹ kí ìwé yìí tó dé. Mo kàn ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn ni.

Mo ti ka ọjọ́ tí dókítà dá. Mo mọ̀ pé ó ti kọjá. Mo sì mọ̀ pé o ti fọwọ́ sí i láìdúró dè mí, nítorí alágídí ni ọ́ láti inú ìyá rẹ wá. Bí o bá ti ṣàìgbọràn sí mi lẹ́ẹ̀kan yìí, inú mi yóò dùn títí màá fi kú.

N kò bínú sí ọ. Èmi ni mo ń bínú sí, mo sì jẹ́ kí ó jọ pé ìwọ ni. Gbogbo oṣù tó kọjá, ìyá rẹ kò bá mi jẹun. Ó ní kí n kọ̀wé. Mo ní mo ti búra. Ó ní ta ni mo búra fún?

Jẹ́ kí wọ́n gé e. Kí o padà wálé bí o bá fẹ́, tàbí kí o dúró ti àwọn ènìyàn rere yẹn. Ilé wà. Àwọn màlúù kò ní ka iye ẹsẹ̀ tí o ní. A ó so pẹ́dàlì kẹ̀kẹ́ mọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún, mo ti rí ọkùnrin kan tó ṣe é ní Duitama, ó ń gun òkè.

Ìyá rẹ ti gbé ṣòkòtò dúdú rẹ jáde, ó ti ń ká ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sókè, ó ń rán an. Ó ní kí n bi ọ́ níbi tí ẹsẹ̀ náà parí sí gan-an, kó lè mọ gígùn rẹ̀. Wọ̀n ọ́n fún wa.

Kí ìyá oníwèé. Sọ fún un pé mo ní ó ṣeun tí kò ṣi ọjọ́ gbé.

Bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Parmenio


ÌKÉDE FÚN ARÁ ÌLÚ
Ilé Ìfìwéránṣẹ́ Guachavita
12 Oṣù Keje, 1974

A ń fi tó gbogbo ará ìlú létí pé ilé iṣẹ́ yìí ti ṣí padà. Láti ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹfà títí di ọjọ́ kọkànlá oṣù Keje, akọ̀wé kan ṣoṣo tó wà níbí wà lẹ́nu iṣẹ́ ìlú. Ó tẹ̀ lé ìdíje kẹ̀kẹ́ yíká ẹkùn wa láti máa na omi sí ọmọ Guachavita tó kópa nínú rẹ̀. Ọmọ wa ṣe ipò kọkànlélógójì.

Gbogbo lẹ́tà, ẹrù àti wáyà tó dé láàárín àkókò náà ni a ti pín lónìí. Kò sí ìkankan nínú wọn tó sọnù. A kò rí ẹ̀sùn kankan gbà, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ará ìlú fún sùúrù wọn.

Abelardo Guatibonza
Akọ̀wé Ilé Ìfìwéránṣẹ́